Akọ̀wé Tó Sin Ìjọba Mẹ́ta

Ọ́fíìsì tí a ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní ìlú wa kò tóbi. Yàrá méjì péré ni. Ti iwájú ní tábìlì gígùn kan tí àwọn ará ìlú máa ń gbọ́wọ́ lé bí wọ́n bá wá gba ìwé. Ti ẹ̀yìn kún fún ìwé ńláńlá tí èèyàn ò lè fọwọ́ kan gbé. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rélùwéè ṣe, èédú sì máa ń fẹ́ wọlé lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé nǹkan tí a kọ́kọ́ ń ṣe láràárọ̀ ni ká nu tábìlì ká tó ṣí ìwé lé e. Inú yàrá ẹ̀yìn yìí ni èmi àti obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jókòó kojú síra fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ. Ìyá Ìwé ni gbogbo ìlú ń pè é, àní ọkọ rẹ̀ pàápàá máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti wọṣẹ́ ṣáájú mi, ó sì jù mí lọ́jọ́ orí, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n lèmi ń pè é. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé kò sí bí o ṣe lè bẹ̀ ẹ́ tó, kò ní kọ irọ́ sínú ìwé náà. Bàbá kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kó yọ ọdún kan kúrò nínú ọjọ́ orí ọmọ òun torí ilé ìwé kan tí kì í gba ọmọ tó bá ti dàgbà jù. Ìyá Ìwé wò ó títí.

"Bàbá," ló wí, "ṣé kí n kọ ọ́ pé ọmọ yìí padà sínú ìyá rẹ̀, ó lo oṣù méjìlá níbẹ̀, ó sì tún jáde?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe àga onígi inú ọkọ̀ ojú irin nínú ọgbà tí fèrèsé wa kọjú sí. Ọkùnrin gíga kan báyìí ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlú tó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n bí i sí. Afárá kan ló wà láàárín, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni láti ẹnu ọ̀nà tiwa dé ẹnu ọ̀nà tiwọn. Nígbà náà, odò lásán ni odò. Ọba kan náà ló ni ìhín àti ọ̀hún. Òun ló ni òkun tí a ò fojú rí rí, òun ló ni àwọn òkè tó jẹ́ pé inú àwòrán nìkan la ti mọ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn tó ń sọ èdè mọ́kànlá ló ń gbé abẹ́ rẹ̀. Àwòrán tirẹ̀ wà lára ògiri lókè orí wa, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti nù ún. Orúkọ ìjọba ńlá yẹn ni Ìyá Ìwé ń kọ sókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan kó tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó sì máa ń sọ pé bí wọ́n bá jí òun lójú oorun, òun á kọ ọ́ láìṣe àṣìṣe.

Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n kó àwọn ọkùnrin inú ọgbà rélùwéè lọ sójú ogun. Ìyá Ìwé ò ráyè tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé ibùdókọ̀, torí èrò kún ọ́fíìsì wa fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà: àwọn àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ kí a kọ wọ́n ní tọkọtaya kí ọkọ tó lọ. Nígbà tí a gbọ́ ariwo ọkọ̀, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó wo àwọn ọkọ̀ náà títí èyí tó gbẹ̀yìn fi kọjá. Ó wá jókòó, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó kàn wọlé.

Fún ọdún mẹ́ta, lẹ́tà ń wá. Kì í gùn: ara mi le, òjò ń rọ̀, ẹ bá mi kí ọmọ. Nígbà tó yá, lẹ́tà ò wá mọ́. Ohun tó ń wá ni ìwé gígùn láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun, orúkọ àwọn tó kú, a ó sì máa kọ wọ́n sínú ìwé ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kan wà tí a kọ òkú mẹ́tàdínláàádóje. Ìyá Ìwé máa ń ka gbogbo orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó ki gègé bọ tàdáwà. Tó bá kà á tán, á mí kanlẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọkọ àwọn obìnrin mìíràn. Láàárín ọdún méjì, irun rẹ̀ ti funfun níwájú.

Bí ogun ṣe parí, ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wa dáadáa. Ohun tí a rí ni pé ọkùnrin kan wá láti ilé ìgbìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gun àga, ó yọ àwòrán ọba. Ibi tí àwòrán náà wà mọ́ ju ara ògiri tó kù lọ, ibẹ̀ la sì ń wò ṣáá. Ìyá Ìwé bi í pé kí ni kí òun máa kọ sókè ojú ewé báyìí.

"Ẹ ṣì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó máa gbà wá ná."

Àwọn tó gbà wá ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Oṣù méje ni wọ́n lò. Wọ́n ní tiwọn ni ìlú náà látọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n sì ní kí a fi rúlà fa ìlà pa orúkọ ìjọba àtijọ́ nínú gbogbo ìwé, kí a kọ tiwọn sókè rẹ̀. A fà á títí apá fi ń ro wá. Nígbà tí a dé ìdajì, àwọn ìjọba ńlá tó ṣẹ́gun jókòó yíká tábìlì kan ní ìlú tó jìnnà, wọ́n fa ìlà tiwọn sórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun náà máa lọ sílé. Ilẹ̀ ọba àtijọ́ di orílẹ̀-èdè mẹ́fà. A wà nínú ọ̀kan. Ìlú òdìkejì odò wà nínú òmíràn. Wọ́n kọ́ ilé onípákó sí orí afárá níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà, àwọn aṣọ́bodè tó wà ní ìhín ò sì gbọdọ̀ kí àwọn tọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé kan náà ni méjì nínú wọn jọ lọ.

Ọ̀gá tuntun tí orílẹ̀-èdè tuntun rán sí wa kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Lọ́jọ́ tó dé, ó bi Ìyá Ìwé léèrè iṣẹ́ tó ti ṣe látẹ̀yìn.

"Mo ti sin ìjọba méjì, ọ̀gá," ló dáhùn, "mo wà lórí ẹ̀kẹta."

"Ṣé ẹ sìn wọ́n ni, Màmá, àbí ẹ sin wọ́n sílẹ̀?"

"Ọ̀kan náà ni, ọ̀gá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni méjèèjì."

Ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ó sì pa ẹ̀rín náà mọ́ra. Ó ní kí a fa ìlà pa èyí tí a kọ sókè èyí tí a fa ìlà pa.

Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tó lè sọ fún Ìyá Ìwé bóyá ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn ológun ní olú ìlú tuntun. Oṣù mẹ́rin ni èsì fi wá. Ó fún mi kà. Wọ́n ní ìjọba tí ọkọ yín jà fún kò sí mọ́. Ìjọba tó wà báyìí kọ́ ló rán an lọ, nítorí náà kò ní ìwé kankan lórí rẹ̀. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba tó rán an.

"Lọ́dọ̀ ta ni kí n ti bèèrè?" ló wí fún mi, láìgbé ohùn sókè. "Ṣé kí n lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti kú ni?"

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sínú àpò rẹ̀, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe opó, kì í ṣe ẹni tó ní ọkọ nílé. Tí àwọn èèyàn bá bi í pé, "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan?" á ní, "A ò tíì gbọ́."

Ọdún méjì lẹ́yìn ogun ni òfin ọmọ ilẹ̀ jáde. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kó o wá, torí àwa ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ń gbé ìlú wa lọ́jọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ni, bí ó bá ti mú ìwé ìbí bàbá náà wá. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá ti gba ìwé ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ogun, ọmọ ilẹ̀ ọ̀hún ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa kọjá sí ilẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá rí ìwé mú wá láàárín oṣù mẹ́ta, àjèjì ni.

Ọmọ Ìyá Ìwé ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà yẹn, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìlú. Wọ́n ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù nínú kíláàsì. Ìwé ìbí bàbá rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò.

Àwa méjèèjì la jọ ń kọ orúkọ àwọn tí kò tíì mú ìwé wá. Ó dé orúkọ ọmọ rẹ̀, ó kọ ọ́ bó ṣe kọ ti àwọn yòókù, ó tẹ bébà lé e kó lè fa tàdáwà rẹ̀ mu, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bá ọ̀gá.

"Màmá, kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà," ni ọ̀gá wí kó tó jókòó pàápàá. "Bí mo bá ṣe é fún yín, mo gbọ́dọ̀ ṣe é fún gbogbo ìlú."

"Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe é. Ìwé àṣẹ láti kọjá afárá ni mo wá bèèrè."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìwé àṣẹ náà gbà. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un: kó lọ láàárọ̀, kó dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Aṣọ́bodè tiwa wo ìwé rẹ̀, ó gbé igi sókè. Ó rìn dé àárín afárá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí. Aṣọ́bodè tọ̀hún bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló ti wá. Ó ní orúkọ tí òun ń kọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ṣàdédé pòórá lọ́kàn òun. Inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti kà á.

Ọ́fíìsì wọn jọ tiwa bí ìbejì: tábìlì gígùn níwájú, èédú lórí fèrèsé, ibi tó mọ́ lára ògiri. Akọ̀wé àgbà tó wà níbẹ̀ ti darúgbó, ó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ìyá Ìwé kọ ohun tó fẹ́ sórí bébà, ó nà án sí i. Bàbá náà wo bébà yẹn, kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yìí," ló wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka lẹ́tà ọwọ́ yìí."

Òótọ́ ni. Kí ìlà tó wà láàárín, ọ́fíìsì méjèèjì máa ń kọ̀wé síra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí wọ́n bí níhìn-ín tó kú lọ́hùn-ún, ẹni tó wá láti ọ̀hún tó gbé ìyàwó níhìn-ín. Ìyá Ìwé àti bàbá yìí ló ń kọ wọ́n, wọn ò sì pàdé rí.

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń gbàgbé láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀," ni Ìyá Ìwé wí.

"Èmi ni. Ẹ sì máa ń dá a padà kí n lọ tún un kọ. Bí inú ṣe máa ń bí mi tó, ẹ ò lè mọ̀! Ọkùnrin ni mo rò pé ẹ jẹ́ pàápàá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga fún un, ó bu tíì fún un, ó sì lọ gbé ìwé ìbí jáde. Ó rí orúkọ ọkọ náà kíá, ó da ìwé ìbí rẹ̀ kọ, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó nà án sí i. Ìyá Ìwé ti dìde láti lọ nígbà tí bàbá náà tún ka orúkọ yẹn sínú, ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ẹ jókòó, ìyá," ló wí.

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìwé tó gbé jáde kì í ṣe ìwé ìbí mọ́. Akọ̀wé ni Ìyá Ìwé. Ó ti mọ ìwé ikú látòkèèrè nípa àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun ò ní lọ́kàn láti pariwo. Ó kàn ń wò ó pé ta ló kọ ọ́, ṣé ó kọ ọ́ dáadáa. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni. Iṣẹ́: káfíńtà. Àrùn: ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti kú láti ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ọmọ ilẹ̀ ibo, orúkọ orílẹ̀-èdè òdìkejì odò ló wà níbẹ̀.

"A ò lè kọ̀wé sí yín," ni bàbá náà wí. "Ilẹ̀ méjèèjì ò gba lẹ́tà ara wọn. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà fún mi. Bí mo bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀..." Ó ti rẹ òun náà.

Ó da ìwé ikú náà kọ fún un pẹ̀lú, ó sì júwe ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ti kó kúrò níbi tí Ìyá Ìwé mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó dé. Ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi ọṣẹ. "Ìyàwó mi," ló wí, "ìwọ nìyí?" Wọ́n sì di mọ́ra, aṣọ àwọn méjèèjì rẹ gbingbin.

Òun ló sọ bó ṣe jẹ́. Ọkọ Ìyá Ìwé wà ní àgọ́ àwọn tí ọ̀tá mú. Nígbà tí ogun parí, tí ìjọba tó rán wọn kò sí mọ́, àwọn tó ń ṣọ́ wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá dá wọn padà sí. Wọ́n bá tò wọ́n, wọ́n ń bi olúkúlùkù pé níbo ni wọ́n bí ọ sí, ibi tó bá dárúkọ ni wọ́n ń kó o lọ. Ó dárúkọ ìlú rẹ̀ láìronú jìnnà. Èrò rẹ̀ ni pé tí òun bá ti dé ibẹ̀, afárá ló kù. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn ti wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá afárá. Ó ti ń wúkọ́ nígbà yẹn.

"Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń lọ dúró létí odò," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí. "Á ní òun ń wo èéfín ọgbà rélùwéè. Mo ní, 'Àbúrò mi, otútù wà níbẹ̀.' Kò yéé lọ. Wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ nìkan ni àwọn lè fún ní ìwé àṣẹ láti kọjá. Ó lọ gba ìwé ọmọ ilẹ̀, torí kó lè wá bá yín ni. Wọ́n tún ní kó lọ dúró de ìwé àṣẹ. Ó dúró. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tó fi dúró."

Ó dìde, ó mú bébà kan jáde láti inú àpótí aṣọ. Ìwé àṣẹ náà ni. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ló dé. Ìyá Ìwé gbà á, ó kà á. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ojú ń tì, pé ohun tí òun kọ́kọ́ rí ni pé wọ́n ṣi orúkọ ọkọ òun kọ.

Wọ́n lọ sí itẹ́ òkú. Kò lè pẹ́ níbẹ̀, torí oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó tẹ́ bébà méjì síwájú mi. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Òfin ọ́fíìsì nìyẹn látìgbà ọba onírùngbọ̀n. Èmi ni mo ní láti kọ ọ́. Mo ka bébà kìíní, mo ka èkejì, mo dìde kí n lè dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ dá mi padà.

"Ka òfin náà fún mi, àbúrò mi. Ìlà kejì."

Mo kà á. Bí bàbá náà bá ti gba ìwé ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ogun. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí a bá kọ ikú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ọmọ rẹ̀ di ọmọ òdìkejì odò, wọn óò lé e kúrò ní ilé ìwòsàn, wọn óò sì kó o kọjá afárá. Bí a bá mú ìwé ìbí nìkan jáde, ọmọ náà di ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, bàbá rẹ̀ kò tíì kú nìyẹn.

"Mo ti sọ fún ọmọ náà," ni Ìyá Ìwé wí. "Ó ní kí n kọ ọ́ pé bàbá òun kú, kí òun jẹ́ àjèjì. Ó sunkún títí. Ó ní ṣé a ó máa rìn nígboro bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe bàbá òun ni. Mo ní, 'Bàbá rẹ gba ìwé yẹn torí kó lè wá bá wa ni. Mi ò ní jẹ́ kí ìwé kan náà gbé ìwọ náà lọ mọ́ mi lọ́wọ́.'"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kọ irọ́ síbẹ̀ rí."

"Mi ò kọ ọ́ rí. Ìwọ lo máa kọ ọ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Má bínú. Bí o bá kọ̀, mi ò ní ka ọ̀rọ̀ náà sí ọ lọ́rùn."

Mo kọ ọ́. Ọmọ: ọmọ ilẹ̀. Bàbá: a kò mọ ibi tó wà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kì í dára, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé náà lọ fún ọ̀gá, ọ̀gá lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀gá náà ní, "Inú mi dùn fún yín, Màmá. Ọlọ́run á mú Bàbá náà dé." Ìyá Ìwé ní, "Àmín."

Báyìí ni obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú wọ dúdú, wọ́n sunkún, àwọn èèyàn bá wọn sunkún, wọ́n bọ́ dúdú, àwọn mìíràn fẹ́ ọkọ tuntun. Òun kò lè ṣe ọ̀kankan. Ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ní òpópónà wa ní kó fẹ́ òun; èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mo sì mọ̀ pé ó wu òun náà. Ó ní òun ṣì ń retí ọkọ òun. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan?" á ní, "A ò tíì gbọ́," á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi nìkan ló ń rí i bó ṣe máa ń di etí tábìlì mú tó bá ń sọ ọ́.

Ó di ẹni tí iṣẹ́ ń rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún karùn-ún, wọ́n tún yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà díẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọ́n sì ní kí a tún gbogbo ojú ewé ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ń fi í ṣàwàdà. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó mú rúlà.

Ọmọ rẹ̀ ṣàṣeyọrí. Ó di nọ́ọ̀sì, ó dé orí ipò ọ̀gá nínú yàrá àwọn aboyún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Wọn kì í jà. Ó kàn jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ọ̀rọ̀ bàbá fẹ́ wọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú wọn á dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ní ọdún kẹsàn-án, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Wọ́n yí òfin ọmọ ilẹ̀ padà: ẹni tó bá ti ní ìwé, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ibi yòówù kí bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n sì ní kí àwọn ọ́fíìsì ìwé fi orúkọ àwọn òkú ránṣẹ́ síra. Àpò ńlá kan wá láti òdìkejì odò. Akọ̀wé mìíràn ló kọ ọ́. Bàbá arúgbó yẹn náà ti wà nínú àwọn òkú inú rẹ̀, ní ojú ewé kẹrìnlá. Ọkọ Ìyá Ìwé wà ní ojú ewé kẹta.

Mo fi hàn án. Ó kà á, ó sì tún un kà.

"Ó dáa," ló wí. "Kọ ọ́."

Mo ṣí ìwé ikú ńlá, mo kọ ọ́ síbẹ̀, orúkọ, iṣẹ́, àrùn, ọjọ́. Mo lo àkókò gan-an torí kó lè dára. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo gègé mi. Nígbà tí tàdáwà náà gbẹ, ó bọ́ ìbọ̀pá dúdú tí a máa ń wọ̀ sápá kí tàdáwà má bàa ba aṣọ jẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun á máa lọ sílé. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò lọ sílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ wò ó. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti múra ìrìn àjò, ó ń so okùn bàtà. Wọ́n ti ń ṣí afárá ní Sátidé, ẹni tó bá ti ní ìwé ìdánimọ̀ á kàn kọjá.

"Màmá, ẹ dìde ká jọ lọ síbi tí wọ́n sin Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀gbọ́n Bàbá ń retí wa lọ́hùn-ún. Ẹ ó kàn jókòó síbẹ̀ ni."

"Ìwọ máa lọ," ni Ìyá Ìwé dáhùn. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ bò ó dé àyà. "Mo ti rí ibẹ̀. Ìwọ ni o kò tíì rí i. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sùn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún aṣọ bò ó dáadáa lẹ́sẹ̀, ó fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó sì jáde. Èmi jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀. Mo rò pé a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa yíjú sí i, ó ti sùn lọ. Ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́, láìyí ara padà, mo sì fa aṣọ ojú fèrèsé kí oòrùn má bàa jí i.